Aáfà Tí Wọ́n Fẹ́ Tà Ní Gbàǹjo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìlú wo ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa, "Ìmàle", di orúkọ ogun nínú ìwé ìtàn? Kì í ṣe Ìlọrin, kì í sì í ṣe Ìwó. Ìlú Salvador ni, ní Bàhíà, ilẹ̀ Bràsíìlì. "Malê" ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀.

Nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà. Àwọn tó mọ kéú wà nínú wọn, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn aáfà wọn ni bàbá àgbàlagbà kan, Pacífico Licutan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá owó jọ láti rà á sí òmìnira; ẹ̀ẹ̀mejì ni olówó rẹ̀ kọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834, gbèsè wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Ni ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé Licutan bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, wọ́n tì í mọ́ túbú kí wọ́n lè fi í lu gbàǹjo.

Oṣù ààwẹ̀ Rámádánì ni àwọn Ìmàle yàn láti dìde, ní ìdájí ọjọ́ 25, oṣù kìíní ọdún 1835. Ṣùgbọ́n olófòófó ti gbé ọ̀rọ̀ dé etí ìjọba. Ọlọ́pàá ká wọn mọ́lé lóru, wọ́n sì ya jáde nínú agbádá funfun kí àkókò tó tó. Wọ́n kọlu túbú tí Licutan wà, wọn kò rí i ṣí. Àwọn bí 600 ló jà, idà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ìbọn àti àwọn ẹlẹ́ṣin ló ṣẹ́gun wọn ní Água de Meninos. Àwọn bí 70 ni ó kú.

Ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú wọn. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ mìíràn padà sí Áfíríkà. Licutan, tí ó wà lẹ́wọ̀n nígbà tí ìjà ń lọ, kò bọ́ lọ́wọ́ pàṣán.

Nígbà tí adájọ́ bi í ní orúkọ, Bilal ni ó dáhùn. Adájọ́ ní òun mọ̀ pé Licutan ni. Bàbá náà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun lè jẹ́ orúkọ tó bá wu òun.

Ẹ rántí pé ẹrú ni Bilal, ẹni tó kọ́kọ́ pe ìrun nínú Ìsìláàmù, kí ó tó di òmìnira. Wọ́n lè díye lé Licutan. Orúkọ yìí kò sí nínú ohun tí wọ́n lè tà.