ÀWỌN AMÒFIN TÍ Ń GBA ẸJỌ́ TÁLÁKÀ RÒ LỌ́FẸ̀Ẹ́

Àwọn àgbà wa a máa wí pé a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a mú ìwé ìpẹ̀jọ́ wá bá nínú ilé rẹ̀ kò lè fi òwe dá ìwé náà padà. Bí kò bá dáhùn ní àkókò tí òfin là sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè dá a lẹ́bi láìgbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ dáhùn ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi kọ ọ́, ní ìlànà tí àwọn amòfin nìkan mọ̀ dájú. Báyìí ni ilẹ̀ bàbá ẹni ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe tuntun. Òfin 1876 gbà kí àwọn tí kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé díẹ̀, máa fi ìwé àṣẹ olóṣù mẹ́fà gba ẹjọ́ rò ní Èkó, nítorí amòfin kò tó. Ní 1888 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tí ó di amòfin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1914 ìjọba Lugard ti ilẹ̀kùn àwọn kóòtù ìgbèríko mọ́ àwọn lọ́yà, wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di 1933. Àwa kò gba àwáwí náà gbọ́. Ní Èkó, níbi tí ọ̀nà wà, Olóyè Olúwa bá ìjọba ṣẹjọ́ ilẹ̀ títí dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì borí ní 1921. Àgbẹ̀ oko tí kò ní owó ọkọ̀ Èkó ńkọ́?

Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ ro ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1964 àwọn obìnrin amòfin dá ẹgbẹ́ FIDA sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń bá àwọn opó àti àwọn ìyá ọmọ rojọ́ ogún àti owó ìtọ́jú ọmọ láìgba kọ́bọ̀. Ní 1974 Chimezie Ikeazor, Solomon Lar àti Débọ̀ Àkàndé dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ òfin sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ìjọba ológun ṣe Òfin Kẹrìndínlọ́gọ́ta ti 1976, tí ó dá Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin sílẹ̀. Ọ̀ràn ọ̀daràn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àjọ náà lè ṣe nígbà náà. Ẹjọ́ ilẹ̀, èyí tí ó ń ba ìdílé jẹ́ jù, kò sí níbẹ̀.

Òfin 2011 mú un gbòòrò. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó-oṣù tí ó kéré jùlọ tí ìjọba là sílẹ̀ lè tọ àjọ náà lọ, àjọ náà a sì máa kọ orúkọ àwọn lọ́yà aládàáni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn amòfin kò ṣọ̀wọ́n nínú ẹgbẹ́ wa. Ìwé orúkọ náà ṣí sílẹ̀ fún wọn.