Ìtàn Àlàyé Àṣẹ Inú Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀nà tí A Lè Gbà Kó O Jọ

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìtàn àlàyé tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nípa àwọn àṣẹ tí ó ń gbọ́, kí a sì wo bí a ṣe lè fi fáìlì kékeré kan kó àlàyé náà jọ sí ojú kan. Kí ó tó di pé à ń tọ́ka sí àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ni à ń tẹ̀ fún un. Ọ̀nà yìí kò tíì parẹ́ títí di òní. Bí a bá tẹ DIR, yóò to orúkọ àwọn fáìlì fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ àṣẹ kò lè pa àṣẹ. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ àkójọ àlàyé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe lè dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé?

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti ṣe ètò tí à ń pè ní Unix. Doug McIlroy, ọ̀gá wọn, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n kọ ìwé àlàyé rẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni ó wà lára ẹ̀dà kìíní ìwé náà. Ìlànà kan ni wọ́n tẹ̀ lé fún àwọn àṣẹ inú rẹ̀: orúkọ àṣẹ, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti àléébù rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ètò náà ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ àbùkù iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, àlàyé náà wọ inú kọ̀ǹpútà, àṣẹ man sì ni a fi ń pè é jáde.

Ní 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde, Microsoft sì pèsè DOS fún un. Nínú DOS yìí, a lè to àṣẹ púpọ̀ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí BAT, kí ẹ̀rọ máa mú wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1983, DOS 2.0 yá àmì > láti ara Unix. Àmì yìí ni ó ń darí ọ̀rọ̀ tí ì bá hàn lójú ẹ̀rọ lọ sínú fáìlì. Ní 1991 ni MS-DOS 5.0 mú àṣẹ HELP àti àmì /? wá. Láti ìgbà náà ni àwọn àṣẹ DOS ti ń ṣe àlàyé ara wọn.

Bí a ṣe ń kó o jọ

Lórí Windows òde òní, ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì BAT tó fún iṣẹ́ náà:

for %%a in (copy del dir ren xcopy) do help %%a >> atoka.txt

FOR ń mú orúkọ inú àkámọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, %%a sì ni àyè tí orúkọ náà ń bọ́ sí. HELP ń béèrè àlàyé rẹ̀, àmì >> sì ń fi í kún ìsàlẹ̀ fáìlì atoka.txt. Bí ó bá jẹ́ > kan ni a lò, èyí tí ó dé kẹ́yìn yóò máa pa ti ìṣáájú rẹ́, àlàyé xcopy nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ẹ̀rọ tí ó wà níwájú wa gan-an ni ó ń sọ ohun tí ó lè ṣe. Ìwé títẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀dà mìíràn tí ó ti kọjá lọ.

Ààlà rẹ̀

Èkíní, HELP kò mọ gbogbo àṣẹ. Bí a bá bi í ní ipconfig, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ipconfig /? ń dáhùn. Èkejì, àwọn ètò kan wà tí kò mọ ìtumọ̀ /?. Bí a bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dípò àlàyé. Nítorí náà, ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣa orúkọ tí yóò wọ inú àkámọ́.

Ẹ̀kẹta kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àlàyé Yorùbá sí abẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àtòjọ lẹ́tà 437 tí IBM lò ní 1981 ní é àti ò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Láìsí àwọn wọ̀nyí, ọkọ̀ àti òkò yóò di ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń méfò. Unicode 1.1 ti 1993 ní àwọn lẹ́tà náà. Àṣẹ chcp 65001 ni a fi ń sọ fún Windows pé kí ó lo UTF-8.

Àgbálọgbábọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ lè kó àlàyé jọ láìfo ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ṣáájú, kò sì mọ èyí tí yóò ṣì í lọ́nà. Ìdáhùn wa nìyí: àkójọ ẹ̀rọ kì í ṣe ìwé, ohun èlò ìwé ni. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi hàn pé èdè wa lè ṣàlàyé ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá ti ní atoka.txt lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ márùn-ún wọ̀nyí, kí ó kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kí ó sì kọ àléébù rẹ̀ tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1971.