Ẹran Màlúù Stroganov: Ta Ni Ó Se Ọbẹ̀ Náà?

Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní New York, tí wọ́n gbé ìwé oúnjẹ fún yín, ó ṣeé ṣe kí ojú yín bá orúkọ kan báyìí: beef Stroganoff. Ẹran màlúù tí a gé wẹ́wẹ́ ni, tí a fi bọ́tà dín díẹ̀, tí a wá da ọ̀rá wàrà tí ó ti kan sí, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti olú. Ọbẹ̀ náà ki, ó funfun díẹ̀, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n sè lè gbé ìrẹsì kaná, kí ó sì ti parí ọbẹ̀ náà kí ìrẹsì tó jinná. Ìdí nìyí tí àwọn ìyàwó ilé lókè òkun fi fẹ́ràn rẹ̀: kì í gba àkókò, síbẹ̀ ó dà bí oúnjẹ àlejò pàtàkì.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yìí ní ìtàn, irọ́ sì pọ̀ nínú ìtàn náà. Lọ́dọ̀ tiwa, kò wọ́pọ̀ kí a fi orúkọ ènìyàn pe ọbẹ̀. Ilá ni à ń pe ilá, ẹ̀gúsí ni à ń pe ẹ̀gúsí, gbẹ̀gìrì ni à ń pe gbẹ̀gìrì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sè é, a kì í bèèrè. Nígbà tí a bá wá rí ọbẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọlọ́lá, ó yẹ kí a bèèrè pé, ṣé ọlọ́lá náà ni ó dáná ni?

Ará Rọ́ṣíà ni ìdílé Stroganov. Iyọ̀ ni wọ́n fi là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Anika Stroganov ń fa omi iyọ̀ láti inú ilẹ̀ ní ìlú Solvychegodsk, ní ìhà àríwá Rọ́ṣíà, wọ́n á máa sè é lórí iná títí omi yóò fi gbẹ tí iyọ̀ nìkan yóò kù. Iyọ̀ kì í ṣe ohun kékeré ní ilẹ̀ olótùútù. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran àti ẹja pamọ́ de ìgbà tí yìnyín bá bo oko. Ẹni tí iyọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wá. Ní 1558, Ọba Ivan, èyí tí wọ́n ń pè ní Adẹ́rùbani, fún ìdílé náà ní ilẹ̀ tí ó lọ salalu lẹ́bàá odò Kama. Nígbà tí jagunjagun nì, Yermak, sì kọjá òkè Ural wọ ilẹ̀ Siberia ní nǹkan bí 1581 tàbí 1582, àwọn Stroganov ni wọ́n ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú oúnjẹ àti ohun ìjà. Ọba Peter Ńlá fi oyè dá wọn lọ́lá ní 1722. Nígbà tí ó di 1753 sí 1754, ọ̀gbẹ́ni Rastrelli kọ́ ààfin kan fún wọn ní òpópó Nevsky ní St. Petersburg. Ààfin náà wà níbẹ̀ di òní.

Ta wá ni ó ń fa omi iyọ̀ yìí? Ta ni ó ń gé igi tí wọ́n fi ń sè é? Àwọn tí a lè pè ní ẹrú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má rò pé ìwọ̀fà ni mò ń sọ o. Bí ìwọ̀fà bá san owó tí ó jẹ, ó bọ́ nìyẹn. Ní Rọ́ṣíà àtijọ́, baba, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀ olówó. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀, wọ́n ta àwọn náà mọ́ ọn. Nínú wọn ni àwọn ọlọ́lá ti ń yan ẹni tí yóò máa ro ọgbà, ẹni tí yóò máa wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àti ẹni tí yóò máa dáná.

Ní 1759 ni wọ́n bí ọmọ kan sí ìdílé irú àwọn ẹrú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àwọn Stroganov. Andrey Voronikhin ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ọwọ́ ọmọ náà dá sí àwòrán, Count Alexander Stroganov sì mú kí ó kẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ó yá wọ́n dá a sílẹ̀ lóko ẹrú. Voronikhin yìí ni ó ya àwòrán ilé ìsìn Kazan, tí wọ́n kọ́ láti 1801 sí 1811, tí àwọn àlejò tí ó bá dé St. Petersburg ṣì ń dúró wò. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, nítorí òkúta ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti alásè ńkọ́? Ohun tí ó fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe, ọ̀sán kì í tán kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Bí ọbẹ̀ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, tí kò sí orúkọ alásè kan tí ó bá a wá, àfi orúkọ olówó ilé.

Nítorí pé àyè náà ṣófo, oríṣiríṣi ìtàn wọ ibẹ̀ lọ jókòó. Àwọn kan ní tábìlì Count Pavel Stroganov ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kú ní 1817. Àwọn mìíràn ní ti Count Alexander Grigorievich ni, ẹni tí ó ṣe gómìnà ní Odessa. Wọ́n ní ó máa ń ṣí tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ aṣọ tí ó bójú mu, alásè rẹ̀ sì ń gé ẹran wẹ́wẹ́ kí ó lè ṣeé pín fún èrò. Àwọn kan tún ní baba náà ti darúgbó, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, kò lè jẹ ẹran ńlá mọ́. (Òótọ́ ni pé baba náà pẹ́ láyé: 1795 ni wọ́n bí i, 1891 ni ó kú.) Ìtàn kan tilẹ̀ sọ pé òtútù Siberia ni ó mú kí ẹran dì bí òkúta, tí wọ́n fi ń fi ọ̀bẹ há a pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.

Èyí tí àwọn ènìyàn ń sọ jù ni ti ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Charles Brière, tí ó ń se oúnjẹ ní St. Petersburg. Wọ́n ní ó fi ọbẹ̀ yìí gba ẹ̀bùn nínú ìdíje kan ní 1891, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ pè é. Ìtàn yìí dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ní 1891 ni wọ́n dá ọbẹ̀ náà sílẹ̀, ẹ má gbà, nítorí ìwé kan wà tí ó ta ko ìtàn náà.

Obìnrin ni ó kọ ìwé náà. Elena Molokhovets ni orúkọ rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde ní 1861. Ó pè é ní Ẹ̀bùn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìyàwó Ilé. Ọdún kan náà yẹn ni Tsar Alexander Kejì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú ilẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò rò pé ìwé irú èyí lè bọ́ sí àkókò tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé tí kò wọ ilé ìdáná rí àfi láti pàṣẹ, kò ní pẹ́ mọ́ kí wọ́n tó máa san owó fún alásè, tàbí kí wọ́n fi ojú ara wọn wo ohun tí ó ń lọ nínú ìkòkò. Ìwé náà tà gidigidi. Ó ju ogún ìgbà lọ tí wọ́n tún un tẹ̀ kí ó tó di 1917. Nínú èyí tí ó jáde ní 1871 ni ẹran màlúù bí ti Stroganov, pẹ̀lú mọ́sítádì, wà. Ogún ọdún gbáko ṣáájú ìdíje ọmọ Faransé.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ní kí a sè é. Ó ní kí a gé ẹran tí ó rọ̀ sí kékeré-kékeré, kí a fi iyọ̀ àti ata olóòórùn dídùn ra á, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Kí a fi ìyẹ̀fun po bọ́tà, kí a fi omi ẹran là á, kí a fi mọ́sítádì Sarepta díẹ̀ sí i. Kí a dín ẹran, kí a dà á sínú rẹ̀, kí a sì fi ọ̀rá wàrà kíkan, tí wọ́n ń pè ní smetana, ṣíbí méjì péré parí rẹ̀. Sarepta yìí, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ Moravian láti ilẹ̀ Jámánì tẹ̀ dó lẹ́bàá odò Volga ní 1765 ni. Mọ́sítádì ibẹ̀ lókìkí ní gbogbo Rọ́ṣíà.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí nǹkan? Kò sí olú níbẹ̀. Kò sí àlùbọ́sà pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun gan-an ni ọbẹ̀ náà, ẹ̀yìn ni ó dé. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, olùkọ́ oúnjẹ mìíràn, Pelageya Alexandrova-Ignatieva, ti fi àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, ó sì ní kí a fi ànàmọ́ òyìnbó tí a gé tín-ín-rín dín jẹ ẹ́. Olú ní tirẹ̀ kò jìnnà sílé: àwọn ará Rọ́ṣíà a máa wọ inú igbó lọ ṣa olú tagbà-tèwe, olú inú smetana sì jẹ́ oúnjẹ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa náà kúkú mọ adùn rẹ̀. Ta ni kò mọ bí ara àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń yá gágá nígbà tí òjò bá rọ̀ tí olú sì hù lórí ọ̀gán?

Ní 1917, ìjọba Tsar wó. Àwọn ọlọ́lá sá lọ sí Paris, sí Harbin àti Shanghai ní Ṣáínà, àwọn mìíràn dé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ju pé wọ́n mọ bí oúnjẹ ilé wọn ṣe máa ń rí lọ, wọ́n bá ṣí ilé oúnjẹ. Ní Rọ́ṣíà, ìjọba tuntun gba ààfin Stroganov. Àwọn àwòrán ni wọ́n ń kó hàn níbẹ̀ nísinsìnyí. Molokhovets kú ní 1918, ìjọba tuntun náà kò sì ka ìwé rẹ̀ sí, wọ́n ní ti àwọn olówó ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọbẹ̀ náà kò bá wọn lọ. Ó wà nínú ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ìgbà ìjọba Sófíẹ̀tì, lábẹ́ orúkọ ìdílé tí wọ́n lé kúrò.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Campbell ti ń ta ọbẹ̀ olú inú agolo láti 1934. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ìyàwó ilé rí i pé bí àwọn bá ti da agolo kan lé ẹran díndín lórí, Stroganoff dé. Wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú makaróní pẹlẹbẹ. Ní Brazil, estrogonofe ni orúkọ rẹ̀, tòmátì wà nínú rẹ̀, ìrẹsì àti ànàmọ́ tí a dín gbẹ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Àwọn ará Salvador, ní Bahia, ń jẹ ẹ́ bákan náà, ní ìlú tí àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa gbé àkàrà dé, tí wọ́n ń pè ní acarajé. Àkàrà yẹn kò jẹ́ orúkọ olówó kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ sè é nílé, ẹ sọ fún alápatà kí ó fún yín ní ẹran tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn màlúù, nítorí ẹran ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó rọ̀. Pọ́ùn kan tó fún ènìyàn mẹ́rin. Ẹ gé e ní ìdábùú iṣan rẹ̀, kí ó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Ẹran ẹsẹ̀ kò ní rọ̀ lójú kan. Bí òun ni ẹ bá rí rà, ẹ bọ̀ ọ́ kí ó rọ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí agbada gbóná dáadáa, ẹ dín ẹran náà díẹ̀-díẹ̀. Bí ẹ bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi rẹ̀ yóò jáde, yóò máa hó dípò kí ó dín. Ẹ gbé e sápá kan. Ẹ dín àlùbọ́sà, lẹ́yìn náà olú, títí omi olú yóò fi gbẹ. Olú tí ẹ kò bá mọ̀ dájú, ẹ má fi ẹnu kàn án o. Ti ọjà tó. Ẹ fi ìyẹ̀fun ṣíbí kan rò ó, ẹ fi ife omi ẹran kan là á, kí ó hó títí yóò fi ki, kí ẹ fi mọ́sítádì díẹ̀ sí i.

Nísinsìnyí ni wàrà kàn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti ń bàjẹ́. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rá wàrà kíkan, nónò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, èyí tí ó ki, lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun díẹ̀ pò ó. Ẹ sọ iná di kékeré kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ sì má jẹ́ kí ó hó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò já, yóò di omi àti horo. Ẹ da ẹran padà sínú rẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ bù ú. Bí ó bá kù di ọjọ́ kejì, iná jẹ́jẹ́ náà ni kí ẹ fi gbóná rẹ̀.