Okùn Karùn-ún: Ìtàn Gìtá Béèsì Olókùn Márùn-ún, pẹ̀lú Àlàyé lórí Yíyàn àti Títò Rẹ̀

1. Ìfáárà

Kókó ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ni gìtá béèsì olókùn márùn-ún. Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé a lè fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò tí ọmọ ènìyàn ṣe tí kò ní ìtàn nínú. Bí ọrùn rẹ̀ ti gùn tó, bí okùn rẹ̀ ti nípọn tó, èsì ni wọ́n jẹ́ sí ìbéèrè kan tí àwọn kan ti bèèrè rí.

Ohun èlò yìí ti di ohun tí ojú mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa àti ní agbo àríyá. Àwọn tí ó ń fi owó iyebíye rà á kò kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé bí márùn-ún ti ju mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni olókùn márùn-ún sàn ju olókùn mẹ́rin lọ. Èrò yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé okùn karùn-ún kì í ṣe àfikún lásán. Ó ń béèrè ìyípadà lára gbogbo ohun èlò náà, láti orí dé ìdí. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti dé ni yóò mọ bí a ti ń yàn án àti bí a ti ń tò ó.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ mọ́ ojú ọrùn gìtá ní ìdábùú. Afárá ni irin tí okùn gbé ara lé ní ìdí gìtá. Egungun orí ọrùn ni ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ ojú ihò sí, tí okùn ń gbà kọjá kí ó tó dé ibi tí a ti ń fà á le.

2. Iye okùn kì í dúró sójú kan

Bàbá ńlá gìtá béèsì ni béèsì àgbénàró, èyí tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n ń fi ọrun tàbí ìka ta nínú ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé okùn mẹ́rin ni ó ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Vienna, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, béèsì olókùn márùn-ún ni ó gbajúmọ̀, wọ́n sì ń fi ìfun ẹran so fírẹ́ẹ̀tì mọ́ ọrùn rẹ̀. Irú béèsì bẹ́ẹ̀ ni Mozart ní lọ́kàn nígbà tí ó kọ orin kan ní ọdún 1791 fún akọrin olóhùn ìsàlẹ̀ kan àti oníbéèsì kan. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, okùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ítálì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ̀rúndún náà sì ń lọ sópin, àwọn ará Jámánì tún fi okùn karùn-ún kún mẹ́rin, nítorí pé orin ìgbà náà ń béèrè ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju E lọ.

Ẹ kíyè sí i pé márùn-ún ti Vienna àti márùn-ún ti Jámánì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wà nínú bí a ti fa àwọn okùn náà le àti nínú ohun tí a ń fi wọ́n wá. Iye okùn nìkan kò sọ ohunkóhun fún wa. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni ohùn tí wọ́n ń wá.

Ní Amẹ́ríkà ni béèsì ti di gìtá. Ní nǹkan bí ọdún 1936, Paul Tutmarc ní ìlú Seattle ṣe béèsì oníná kan tí ó ní fírẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń gbé kọ́ ọrùn bíi gìtá. Kò tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1951, Leo Fender ní ìpínlẹ̀ California gbé tirẹ̀ jáde, ó sì sọ ọ́ ní Precision Bass, nítorí pé fírẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí ìka bá ohùn gan-an. Gígùn okùn rẹ̀ láti egungun orí ọrùn dé afárá jẹ́ íǹṣì 34. Okùn mẹ́rin ni ó ní: E, A, D àti G. Okùn E, tí ó rẹlẹ̀ jù, ń gbọ̀n ní ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Okùn mẹ́rin yìí tó fún iṣẹ́ ńlá. James Jamerson, oníbéèsì ilé orin Motown ní Detroit ní àwọn ọdún 1960, okùn mẹ́rin ni ó fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn oníbéèsì ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá ní béèsì olókùn mẹ́rin kò tíì di ẹni ẹ̀yìn.

3. Ọ̀nà méjì tí okùn karùn-ún gbà wọlé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Fender gbé béèsì olókùn márùn-ún kan jáde, wọ́n sì pè é ní Bass V. Òkè ni wọ́n fi okùn karùn-ún sí: E, A, D, G àti C. Fírẹ́ẹ̀tì 15 péré ni ó ní, nítorí pé okùn C yóò fún onígìtá ní ohùn òkè tí kò fi ní nílò láti na ọwọ́ jìnnà. Kò rí ọjà púpọ̀, wọ́n sì dá a dúró ní nǹkan bí ọdún 1970. Kí ni ìdí? Lójú tèmi, ó dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Àwọn onígìtá mìíràn ti wà tí wọ́n ń ta ohùn òkè. Kò sí ohun tí ó ń ti oníbéèsì lọ síbẹ̀.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ìbéèrè gidi dé. Ní ọdún 1970, ẹ̀rọ dùùrù oníná kan tí wọ́n ń pè ní Minimoog jáde. Ẹ̀rọ yìí lè sọ ohùn kalẹ̀ dé ibi tí okùn E kò lè dé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Parliament ṣe orin tí wọ́n pè ní "Flash Light", ọwọ́ Bernie Worrell lórí dùùrù oníná ni ohùn béèsì rẹ̀ ti wá. Onígìtá béèsì rí i pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Èsì kò pẹ́. Ní ọdún 1975, Carl Thompson ṣe béèsì olókùn mẹ́fà fún Anthony Jackson, èyí tí okùn B wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí C sì wà ní òkè. Ní nǹkan bí ọdún 1976, Jimmy Johnson gba olókùn márùn-ún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Alembic, ó sì fi okùn B sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: B, E, A, D àti G. Lẹ́yìn tí dùùrù oníná DX7 ti jáde ní ọdún 1983 tí ó sì tàn káàkiri, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà gbà pé ọjà wà fún un. Music Man gbé StingRay 5 jáde ní ọdún 1987. Bí okùn ìsàlẹ̀ ti borí okùn òkè nìyí. Ìwúlò ni ó gbé e lékè.

4. Ìdí tí okùn B fi ṣòro

Ní ọdún 1636, àlùfáà ará Faransé kan, Marin Mersenne, fi ìlànà okùn lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí okùn yóò ti gbọ̀n tó: gígùn rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, àti bí a ti fà á le tó. Okùn B ń gbọ̀n ní ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tú okùn E sílẹ̀ títí tí yóò fi dún bíi B, ìfà tí yóò kù lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 56 nínú 100 lọ. Irú okùn bẹ́ẹ̀ yóò dẹ̀, yóò sì máa gbá fírẹ́ẹ̀tì.

Kí ìfà náà má baà dín kù, a lè mú kí okùn wúwo sí i. Ṣùgbọ́n okùn E tí ó wọ́pọ̀ nípọn tó mìlímítà 2.67, B tí ó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 3.30. Kí ìfà wọn tó lè dọ́gba pátápátá, B ní láti nípọn ju mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Bí okùn bá sì nípọn jù, yóò gan bí ọ̀pá irin, ohùn rẹ̀ yóò sì dàrú. Ọ̀nà kejì ni kí okùn gùn sí i. Láti íǹṣì 34 sí 35, ìfà okùn kan náà yóò fi nǹkan bí 6 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ṣí inú dùùrù ńlá wò, ẹ ó rí i pé okùn ìsàlẹ̀ gùn ju ti òkè lọ fíìfíì. Èrò yìí ni Ralph Novak lò nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1989 lórí fírẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Sheldon Dingwall ní ilẹ̀ Kánádà sì lò ó fún béèsì tí okùn B rẹ̀ gùn tó íǹṣì 37, tí G rẹ̀ sì jẹ́ 34.

5. Yíyàn

Láti inú ohun tí a ti sọ yìí ni ìlànà yíyàn ti jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gìtá yìí, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe tòkunbọ̀, kí ó kọ́kọ́ ta á láìfi sí iná. Kí ó tẹ okùn B ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, níbi tí yóò ti dún bíi E, kí ó sì ta okùn E gan-an láìtẹ̀ ẹ́. Bí ohùn méjèèjì bá jọra, tí ti B kò rì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, ohun èlò náà dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí áńpìlífáyà tí yóò tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wo àlàfo tí ó wà láàárín okùn kan àti èkejì ní ibi afárá. Láti mìlímítà 16.5 sí 19 ni ó wọ́pọ̀. Ọwọ́ ẹni tí yóò ta á ni yóò pinnu èyí tí ó yẹ. Kí ó gbé e kọ́ ọrùn, kí ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí irin orí rẹ̀ ti di márùn-ún, orí náà sì lè máa fà wálẹ̀. Kí ó rí i dájú pé ọ̀pá irin inú ọrùn ṣì ń yí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè fi okùn B, E, A, D sí olókùn mẹ́rin, bí ó bá ti fẹ ojú ihò egungun orí ọrùn tó.

Kí ó sì rántí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gbé ohùn tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 31 jáde. Ohun tí etí wa ń gbọ́ ni àwọn ohùn kéékèèké tí ó wà lókè rẹ̀, ọpọlọ wa ni ó sì ń fi ìyókù kún un.

6. Títò

Títò ní ètò. Ẹni tí ó bá fi ti ìkẹyìn ṣe ti ìṣáájú yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìkínní, kí a fi okùn tuntun sí i, kí a fa gbogbo rẹ̀ le dé ohùn tí ó yẹ. Ìkejì, kí a wo ọrùn. Kí a tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní àti fírẹ́ẹ̀tì ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kẹjọ kò yẹ kí ó ju nǹkan bí mìlímítà 0.3 lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, kí a yí ọ̀pá irin inú ọrùn le, ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró kí igi gbà á. Ìkẹta, kí a gbé okùn sókè tàbí sílẹ̀ ní afárá. Ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, nǹkan bí mìlímítà 2.5 dára fún B, 2 sì dára fún G. B nílò àyè jù, nítorí pé ó ń fì ju àwọn yòókù lọ.

Ìkẹrin, kí a fi ìka kan okùn jẹ́jẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí a ta á, kí a sì wá tẹ̀ ẹ́ gan-an níbẹ̀, kí a tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti títẹ̀ bá ga jù, kí a sún irin okùn náà sẹ́yìn ní afárá. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, kí a sún un síwájú. Irin okùn B ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn jù, nítorí gígan rẹ̀. Ìkarùn-ún, kí a wo òòfà tí ó ń gba ohùn okùn. Bí ó bá sún mọ́ B jù, yóò máa fà á, ohùn rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n ṣégeṣège.

Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Igi ọrùn a máa wú nígbà òjò, a sì máa gbẹ nígbà ọyẹ́. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nínú dùndún, ìyáàlù, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ni ó ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè é. Nínú ẹgbẹ́ jùjú I. K. Dairo, agídìgbo wà níbẹ̀ kí gìtá béèsì tó gba ipò náà nínú ẹgbẹ́ àwọn bíi Ebenezer Obey àti Sunny Adé. Àwọn onílù wa kì í ra ìyáàlù láìmọ bí a ti ń fa ọsán rẹ̀ àti bí a ti ń yá a lóòrùn. Ohun èlò àti ìtọ́jú rẹ̀ jọ ń lọ ni.

Ti gìtá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun èlò dé, ìmọ̀ rẹ̀ kò bá a dé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ gìtá tí kò ní àléébù fi wà ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò dára. Ìtàn okùn karùn-ún kọ́ wa pé àwọn tí ó ṣe é kò fi iye okùn ṣe ìgbéraga. Ohùn kan ni wọ́n ń wá, wọ́n sì tún gbogbo ohun èlò náà ṣe kí ohùn náà tó lè jáde. Bí àwa náà bá ń béèrè ohùn tí a ń wá kí a tó béèrè iye okùn, owó wa kò ní ṣòfò, ìmọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì di ohun tí a lè fi èdè wa kọ́ ọmọ wa.