John Muir: Ọmọ Skọ́tíláǹdì tí kò lè fìdí kalẹ̀ sídìí iṣẹ́ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìlú Dunbar, tó wà létí òkun nílẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni wọ́n ti bí John Muir lọ́jọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1838. Ẹlẹ́sìn líle ni Daniel, bàbá rẹ̀. Ẹgba ni ọkùnrin náà fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Bíbélì, débi pé kí John tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti há odindi Májẹ̀mú Tuntun sórí, àti èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé.

Lọ́dún 1849, Daniel kó mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba Amẹ́ríkà lọ, ìyá àti àwọn ọmọ yòókù sì wá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ oko ni John kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga sí oko wọn kejì, òun nìkan ni wọ́n máa ń fi garawa sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, tí yóò máa fi òòlù àti irin gbẹ́ àpáta títí di alẹ́. Ó ti gbẹ́ ẹ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 80 kí afẹ́fẹ́ olóró tó kóra jọ sísàlẹ̀ kànga náà tó dá a kú. Díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, bàbá rẹ̀ tún sọ ọ́ kalẹ̀ láti parí iṣẹ́.

Aago kan òru ni ọmọ yìí máa ń jí, nítorí bàbá rẹ̀ kò fún un láyè ìwé kíkà lálẹ́. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀ ló ti ń fi igi ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ, títí kan bẹ́ẹ̀dì alágogo tó máa ń da ẹni tó bá sùn lé e dúró nígbà tí àsìkò bá tó. Àwọn ẹ̀rọ náà ló kó lọ síbi ìpàtẹ ìpínlẹ̀ wọn ní Madison lọ́dún 1860, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ó wọ yunifásítì ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrò lọ́dún 1863 láìgba oyè kankan. Ó ré kọjá sí Kánádà, ó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ọwọ́ ìgbálẹ̀, iná sì jó ibẹ̀ lọ́dún 1866.

Indianapolis ló wá forí lé, níléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Níbẹ̀, nínú oṣù kẹta ọdún 1867, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gún un lójú ọ̀tún. Kò pẹ́ tí èkejì náà kò fi ríran mọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn kí ojú rẹ̀ tó là, ó sì pinnu pé òun kò ní fi ìyókù ayé òun sin ẹ̀rọ ẹlòmíì.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó fẹsẹ̀ rìn láti Kentucky dé etíkun Florida, bíi ẹgbẹ̀rún máìlì. Ibà gbé e dè níbẹ̀. Ó kọjá sí Kúbà, kí ọkọ̀ tó gbé e dé Kalifóníà lọ́dún 1868. A kò gbọdọ̀ fi ibì kan bò nínú ìrìn yìí: ọ̀rọ̀ àbùkù wà nínú ohun tó kọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá pàdé lọ́nà, lọ́dún 2020 sì ni Sierra Club, ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn dá sílẹ̀, jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba.

Ní Kalifóníà, ó da àgùntàn, ó sì la gẹdú ní àfonífojì Yosemite. Láàárín iṣẹ́ wọ̀nyí ló ti ṣàkíyèsí pé yìnyín ńlá tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ ló gbẹ́ àfonífojì náà. Josiah Whitney, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, fi ojú darandaran aláìmọ̀kan wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìnyín tí darandaran ń sọ ló padà fìdí múlẹ̀.

Ó gbéyàwó lọ́dún 1880, ó sì di àgbẹ̀ eléso ní Martinez. Owó wọlé, àmọ́ ara rẹ̀ kò le mọ́. Louie, ìyàwó rẹ̀, ló kọ lẹ́tà sí i lọ́dún 1888 pé bí oko bá fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, kó jọ̀wọ́ oko. Bóyá obìnrin yìí ni ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé tí Muir kọ mú kí ìjọba àpapọ̀ sọ Yosemite di ọgbà ìpamọ́ lọ́dún 1890. Wọ́n dá Sierra Club sílẹ̀ lọ́dún 1892, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ títí tó fi kú. Lọ́dún 1903, òun àti Ààrẹ Roosevelt jọ sun ìta fún òru mẹ́ta.

Arúgbó ẹni ọdún 73 ni nígbà tó tún wọkọ̀ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà àti Áfíríkà lọ́dún 1911, torí igi ni. Ọ̀kan lára ohun tó torí ẹ̀ wá sílẹ̀ wa ni igi oṣè, ó sì rí i nítòsí ìtàkìtì omi Victoria.

Iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn kò bọ́ sí i. Ìlú San Francisco fẹ́ sé odò àfonífojì Hetch Hetchy, nínú ọgbà Yosemite gan-an, kí wọ́n lè rí omi mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá wọn jà á, ṣùgbọ́n lọ́dún 1913, ìjọba fọwọ́ sí i. Muir kú ní Los Angeles lọ́jọ́ 24, oṣù kejìlá, ọdún 1914. Àfonífojì náà ṣì wà lábẹ́ omi títí dòní.