Máàkì Fọ́ọ̀: Bí Ìbọn Ogun Ṣe Di Ìbọn Ìdíje

Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tí ẹ sọ pé mo máa ń sáré sọ̀rọ̀ jù, mo ti gbọ́. Màá rọra ṣe é lónìí. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi. Nígbà kan, bàbá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń nu ìbọn mi lórí tábìlì, kí n tó dá a padà sínú àpótí irin tí mo máa ń tì í mọ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé Máàkì Fọ́ọ̀ kọ́ nìyẹn?" Mo ní, "Òun ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ìbọn ọlọ́pàá! Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní eré ìdíje ni mo ń fi ṣe. Wọ́n mi orí. Títí wọ́n fi padà sílé, wọn ò fọwọ́ kan ìbọn náà.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ni ìran wọn ti mọ ìbọn yìí. Ẹni tó bá rí i lójú títì nígbà náà, ṣe ni yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo wá ni ohun tí àwọn òbí wa ń yà fún ṣe di ohun tí ọmọ wọn ń gbé lọ ṣeré? Ìtàn ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ.

James Paris Lee ni orúkọ ẹni tó ronú kan irin àárín ìbọn yìí. Wọ́n bí i ní Hawick, ní Scotland, ní 1831. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Kánádà nígbà tó wà lọ́mọdé, Galt ní Ontario ló ti dàgbà. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Amẹ́ríkà. Ọmọ tí òbí kó kúrò nílé ni òun náà, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní 1888, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba irin tí Lee ṣe fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ní 1895, wọ́n fi ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ṣe ní Enfield sí i, ó sì di Lee-Enfield. Enfield tí mò ń wí yìí náà ni Enfield tí àwọn èèyàn wa ń gbé ní àríwá London. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wọ bọ́ọ̀sì kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀dà tí à ń pè ní Nọ́ńbà 4 ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1939. Láti 1941, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu: ní Fazakerley ní Liverpool, ní Maltby, ní ilé iṣẹ́ BSA ní Shirley, ní Long Branch ní ẹ̀bá Toronto, àti ní ilé iṣẹ́ Savage ní Massachusetts. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ni wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ jà ní Bọ́mà, ìdílé Lee-Enfield yìí ni wọ́n gbé dání. Nígbà tí ogun parí, Nọ́ńbà 4 ló wọ ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá wa, tí àwọn bàbá wa fi ń pè é ní Máàkì Fọ́ọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ogun sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ sí pápá ìdíje. Ní 1859 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Rifle Association ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló yin ìbọn àkọ́kọ́ níbi ìdíje wọn ní Wimbledon. Láti 1890, Bisley ní Surrey ni ojúko wọn. Ẹ̀bùn tó tóbi jù lọ níbẹ̀ ni ẹ̀bùn Ọba, tí à ń pè ní ẹ̀bùn Ọbabìnrin nígbà tí obìnrin bá wà lórí oyè. Ní 1930, Marjorie Foster gbà á, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí fún ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé ìbọn kì í ṣe nǹkan obìnrin.

Ìbọn tí ogun ń lò ni wọ́n fi ń díje, ọta tí ogun ń yìn ni wọ́n sì ń yìn. Ìṣòro dé nígbà tí ogun yí ọta padà. Láti ayé Lee, .303 ni ọta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn orílẹ̀-èdè NATO fẹnu kò sórí 7.62mm, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìbọn tuntun tí wọ́n ń pè ní SLR, ìbọn tó ń ki ọta sínú fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí lọ, àwọn tó ń díje ní Bisley rí i pé ọta àtijọ́ ń tán lọ, ọta tuntun ló kù. Ṣé kí wọ́n wá ju Máàkì Fọ́ọ̀ nù ni?

Wọn ò jù ú nù. Wọ́n ní kó máa jẹ ọta ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mi ò tíì rí ibi tí òwe yẹn ti bọ́ sójú rẹ̀ tó ibí yìí.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà rèé. Wọ́n tú ọ̀pá ìbọn tínínrín tí ogun ń lò, wọ́n sì fi èyí tó nípọn, tó wúwo, rọ́pò rẹ̀. Ìdí ọta .303 ní etí tó yọ síta, ti 7.62 kò ní. Nítorí náà, wọ́n pààrọ̀ orí irin tí à ń tì síwájú àti irin kékeré tó ń fa ìkarahun ọta jáde. Wọ́n gé igi iwájú kúrú, kí ó má baà kan ọ̀pá ìbọn, nítorí igi a máa wú nínú òjò, a sì máa ti ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n yọ ojú ìwò ti ogun, wọ́n fi èyí tó ní ihò róbótó sẹ́yìn àti òrùka síwájú, tí a lè fi ìka yí díẹ̀díẹ̀ bí atẹ́gùn bá yí padà. Ilé ọta ti .303 ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sọ ọ́ di pèpéle lásán tí à ń gbé ọta lé, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń fi ọwọ́ kì í níbi ìdíje.

Enfield fúnra wọn ṣe irú ìbọn yìí, L39A1 fún àwọn ọmọ ogun tó ń díje, àti Envoy fún ará ìlú. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn atamátàsé ogun, L42A1, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970, ó sì ṣiṣẹ́ títí di àwọn ọdún 1990.

Kí ló jẹ́ kó dára tó bẹ́ẹ̀? Irin Lee ń tì láti ẹ̀yìn, kì í ṣe láti iwájú bíi ti Mauser àwọn ará Jámánì. Bí ẹ̀tù bá gbiná, gbogbo ara ìbọn a gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ a sì máa gbéra lọ sókè. Ọta tó yára a ti jáde kí ẹnu ìbọn tó gòkè. Èyí tó lọ́ra díẹ̀ a bá a lókè. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé 900 tàbí 1,000 yáàdì, èyí tó lọ́ra, tó gba òkè, àti èyí tó yára, tó gba ìsàlẹ̀, á wá pàdé sójú kan. Ohun tó jẹ́ àbùkù nítòsí di àǹfààní lókèèrè. Kò pẹ́ tí àwọn ìbọn tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje, bíi Swing ti George Swenson, fi gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Bisley ṣì ń ṣe ìdíje fún àwọn ìbọn àtijọ́, ibẹ̀ ni èmi ń bá wọn jókòó.

Òfin náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Hungerford ní 1987, òfin ọdún 1988 ní kí ará ìlú má ní ìbọn ńlá tó ń ki ọta sínú fúnra rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ iléèwé ní Dunblane ní 1996, ìbọn ìléwọ́ náà lọ. SLR, ọmọ tó ní kí bàbá kúrò lójú ọ̀nà, òun gan-an ni òfin mú. Máàkì Fọ́ọ̀ tí à ń fi ọwọ́ fà, tí à ń fi ọwọ́ tì, ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ ò lè rà á bí ẹní ra bàtà. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ni, ẹlẹ́rìí méjì, ìdí tó yè kooro, àti ibi tí ẹ ó tì í mọ́. Ọdún 5 ni ìwé náà, lẹ́yìn náà ẹ ó tún un gbà.

Tèmi, Long Branch ni wọ́n ti ṣe é ní 1943. Ẹnì kan ti yí i sí 7.62 tipẹ́tipẹ́ kí n tó rà á. Ní ọjọ́ ìdíje kan, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ìfà méjì ni apátí ìbọn yìí máa ń ní: ẹ ó fà á dé ibì kan, ẹ ó dúró, ẹ ó wá fà á tán. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka kàn án ni, ọta ti lọ, ó wọ inú òkìtì ẹ̀yìn. Mo bínú sí ọta, mo bínú sí ara mi. Igi ni. Nínú irú tèmi, irin tó yí apátí ká lábẹ́ ni apátí so mọ́, igi ló sì gbé irin náà ró. Igi wú, apátí kúrò nípò. Lẹ́yìn ogun, wọ́n so apátí mọ́ ara ìbọn gan-an nínú èyí tí wọ́n pè ní Mk 2, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìbọn yìí, ẹ gbọ́ o. Ara tí wọ́n ṣe fún agbára .303 ni wọ́n ní kó gbé agbára 7.62, tó sì ju ti .303 lọ. Ẹ wá àmì ilé ìdánwò ìbọn lára rẹ̀. Ti Birmingham ti wà láti 1813. Ọta tó le ju ti ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó lu àmì. Ọta tó bá àmì yẹn mu nìkan ni kí ẹ yìn. Èyí tí kò bá tíì yí padà, tí igi ogun rẹ̀ ṣì pé, ẹ má gé e. Ojú ìwò tí ẹ bá yọ ṣeé dá padà, igi tí ẹ bá gé kò ṣeé dá padà. Èyí tí wọ́n bá sì ti yí padà fún ìdíje, bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti bàjẹ́, pé kí ẹ dá a padà sí ti ogun. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ìdíje ju bó ṣe pẹ́ lójú ogun lọ. Ìtàn tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ohun tí bàbá mi fi ojú wọn sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìbọn yẹn, ṣé o ṣì ní i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Tí o bá ń yìn ín, ta ló ń wà níwájú?"

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Pépà ni."

Wọ́n ní, "Pépà náà ni kó máa jẹ́ o."

Àmín.