Àga Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ilẹ̀ Yangí

Lórí káàdì ìpè ìnáwó ni ìṣòro yìí ti máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹnì kan á kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹnjiníà Lágbájá", ẹlòmíràn á yí i padà sí "Ẹnjiníà Ọ̀jọ̀gbọ́n", ẹni tó ni orúkọ á sì ní kí wọ́n má yọ "Ọ̀mọ̀wé" òun kúrò. Oyè mẹ́ta lórí ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá. Yunifásítì tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ló fún un ní Ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì tó ń bá ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n. COREN, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1970 láti máa bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, ló fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹnjiníà. Èdè wa ti ṣe dáadáa fún méjì nínú mẹ́ta yìí. Ẹni tó mọ̀wé ni ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ la sì ń gbọ́ ọgbọ́n gedegbe nínú ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni yòówù kó fi ìwé sísàlẹ̀, kó fi ọgbọ́n sókè, mo júbà rẹ̀.

Àárín àtẹ̀gùn ni ẹnu wa ti ń kọ́. Ní Nàìjíríà, ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì jẹun lè bẹ̀rẹ̀ láti olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, kó di olùkọ́ kékeré, kó gun ipele kejì, kó gun ìkínní, kó wá di olùkọ́ àgbà. Títí débẹ̀, Yorùbá kò ṣòro. Ipò tó tẹ̀ lé e, èyí tí ó kù díẹ̀ kéèyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n, ni wọ́n ń pè ní Rídà. Bí a bá tú u sí òǹkàwé, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi ni aráyé á rí. Àwọn mìíràn ń sọ pé igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Èmi kò gbà. Igbákejì ni ẹni tó ń dúró fún ọ̀gá nígbà tí ọ̀gá kò sí nílé. Rídà kò dúró fún ẹnikẹ́ni; ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, ó ní iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, ó sì lè má fara mọ́ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n inú ẹ̀ka rẹ̀ ń sọ rárá.

Kí ọ̀rọ̀ Rídà tó lè yé wa, ó yẹ ká wo àga. Ní 1840, Ọbabìnrin Victoria dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹnjiníà ní Yunifásítì Glasgow. Lewis Gordon ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. William Rankine gbà á ní 1855, kò sì dìde níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1872. Àga kan, ẹnì kan. Bí oyè ìdílé gẹ́lẹ́ ni: bí ọmọ oyè ti wulẹ̀ kí ó yẹ tó, àfi kí oyè ṣófo. Nínú àṣà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ti tó ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tí kò rí àga, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi Rídà yẹ́ sí. Àwa gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, a sì fi àga sílẹ̀ fún wọn. Lóde òní, ẹ̀ka ẹnjiníà kan ṣoṣo ní Nàìjíríà lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n púpọ̀, torí pé ipele ni ó ti dà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ló ń gùn ún. Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí a fi "àga ọ̀jọ̀gbọ́n" mọ sí ibi tí àga gan-an wà, tí ẹnì kan tàbí ilé iṣẹ́ kan fi owó dá sílẹ̀, kí a máa pe èyí tó kù ní "ipò ọ̀jọ̀gbọ́n". Kí Rídà sì jẹ́ "ọ̀jọ̀gbọ́n onípele kejì". Kò dùn létí, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ti Amẹ́ríkà tún lọ́jú ju èyí lọ. Níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ èèyàn, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Ìdí nìyí tí ìyá kan ní Ìbàdàn fi lè kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun tó wà ní Texas ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ náà ń pè é. Ṣùgbọ́n ní bíi ọdún mẹ́fà sí i, wọ́n á gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò: bí ó bá yege, kò sẹ́ni tó lè ṣàdéédéé lé e mọ́, bí kò bá yege, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ní "wọ́n ti kọnfáàmù ẹ̀", ìyẹn sì jọ ọ́, àmọ́ ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ìfìdímúlẹ̀" ni mo máa fi pè é.

Ẹni tó fẹ̀yìn tì ńkọ́? Láti 2012 ni òfin Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 70. Lẹ́yìn ìyẹn, yunifásítì lè yan díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n máa jẹ́ oyè náà lọ bí wọn kò tilẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. "Agboyèfẹ̀yìntì" bá èyí mu dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ̀yìn tì ló gbé oyè dání.

Ó ku ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ" ni a máa ń kọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á ronú mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀, afárá kì í yí bíi táyà. Nígbà tí John Smeaton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ilé iná ojú òkun sórí àpáta Eddystone, pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ará ìlú, ohun tó ń sọ ni pé òun kì í ṣe ẹnjiníà ológun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Àwọn Faransé ti ṣe tiwọn tààrà ṣáájú: ní 1747 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Paris, wọ́n sì fi afárá àti ọ̀nà sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ kò gba omi ẹ̀rọ, kò gba gọ́tà, kò gba ilé alájà ogún. "Ẹnjiníà ìlú" ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á rò pé òṣìṣẹ́ káńsù ni.

Nínú ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà ìlú ń kọ́ni, orí ilẹ̀ ni èdè wa ti lọ́rọ̀ jù. Àwọn tó gbẹ́ Erédò Ṣùngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, yàrà tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tó sì jìn tó mítà 20 níbòmíràn, kò lè má ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń gbẹ́. A ní amọ̀, a ní yanrìn, a ní ilẹ̀dú, a ní àkùrọ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí. Francis Buchanan rí i ní Íńdíà pé àwọn èèyàn ń gé ilẹ̀ pupa kan bíi bíríkì, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1807 ló sì ti fi ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bíríkì sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń há sórí ní Ifẹ̀ àti ní Àkókà, nígbà tí èyí tó ti le bí òkúta ń jẹ́ yangí, tí èyí tó ṣì rọ̀ sì ń jẹ́ ilẹ̀ pupa. Orúkọ méjì fún ipò méjì: a là á sí méjì níbi tí Látìn ti kó o pọ̀.

Karl Terzaghi, tó ń kọ́ni ní Istanbul, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ilẹ̀ jáde ní 1925. Gbòǹgbò rẹ̀ rèé: bí ilé bá jókòó lórí ilẹ̀ tó rin gbingbin, omi tó wà láàárín hóró ilẹ̀ ń bá a gbé lára ẹrù náà, hóró ń gbé ìyókù, èyí tí hóró ń gbé nìkan ló sì ń fún ilẹ̀ lágbára. "Ẹrù hóró" àti "ẹrù omi" ti tó, kò gba kí a dá ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ayọ̀délé Awójọbí, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó ní 1974. Ẹ̀ka ẹ̀rọ gan-an ló wà, síbẹ̀ ilẹ̀ ló kọ̀wé lé lórí pẹ̀lú Robert Gibson ní 1973: ilẹ̀ tí líle rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí a ti ń wà á lọ sísàlẹ̀. Gbólóhùn kan, ó ti yé ọmọdé.

Níbi tí mo ti rí wàhálà ni "ìfúnpá". Àwọn dókítà ti gbà á lọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ lórí rédíò pé ìfúnpá òpó kan ti ga jù, ẹnì kan á béèrè oògùn rẹ̀. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń dán kọnkéré wò, kí n gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń sọ ọ́. Wọ́n gbé agolo tó fẹjú nísàlẹ̀, tó rọra tínrín lọ sókè, kalẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju mílímítà 300 lọ. Wọ́n bu kọnkéré sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25. Wọ́n fa agolo sókè, kọnkéré jókòó, wọ́n fi rúlà wo bó ti lọ sílẹ̀ sí. Ọ̀gá bíríkìlà tó dúró nítòsí kò wo rúlà, ó ní: "Omi ẹ̀ ti pọ̀ jù, kò ní lè gbé nǹkan." Ohun tí òǹkà fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. "Gbé" ló lò, kò lo ìfúnpá. Àwa náà ń sọ pé òpó gbé ilé ró. Nítorí náà, "ìmọ̀ ìgbéró" ni kí a máa pe ẹ̀ka tó ń ṣírò òpó àti bíìmù.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn oníròyìn a máa wá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kiri, "ilé wó" nìkan ni ọ̀pọ̀ sì máa ń rí sọ ní Yorùbá kí wọ́n tó ṣẹ́rí sí Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ la ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó ju mẹ́ta lọ fún un. Kọnkéré a máa fọ́, òpó a máa ṣẹ́, bíìmù a máa tẹ̀, ògiri a máa lanu, ilẹ̀ a máa rì, kò sì sí méjì nínú wọn tó jẹ́ ìkan náà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ lórí rédíò pé òpó ló kọ́kọ́ ṣẹ́ kí ilẹ̀ tó rì, àwọn tó ń gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ẹni tó po kọnkéré àti ẹni tó di irin ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò.